Bí Ẹ Ṣe Lè Kan Ọmọlanke Kékeré Tí Yóò Gbé Ẹrù Ọjà Tòkunbọ̀ Délé Láì Wó Lójú Ọ̀nà

Ẹni tó bá ń ra ọjà ní Kàtàngúà l'Ábúlé-Ẹ̀gbá, tàbí tó ń ṣa àga, fáànù àti ẹ̀rọ ìránṣọ tòkunbọ̀ ní Alábà, mọ̀ pé ọjà rírà kọ́ ló le jù, gbígbé e kúrò nínú ọjà ni. Torí èyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbìyànjú láti kan ọmọlanke tiwọn. Wọ́n á tú táyà lára àpótí ìrìnàjò, wọ́n á kàn án mọ́ pákó, wọ́n á so okùn mọ́ ọn. Kí wọ́n tó dé títì, táyà ti rì sínú yanrìn. Àwọn mìíràn a lo táyà gidi, ṣùgbọ́n ìṣó ni wọ́n fi kan gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá ti rìn díẹ̀ lórí òkúta àti kòtò, ìṣó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹni tó kan tirẹ̀ dáadáa, tí igi rẹ̀ dúró, tí táyà rẹ̀ dára, àmọ́ tó gbé ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tí táyà méjèèjì ń yí lára rẹ̀, sí ìdí pátápátá. Apá ẹni tó ń fà á ni yóò máa ru ẹrù náà títí dé ilé.

Tèmi ni pé kí ẹ má da ara yín láàmú lórí ẹwà igi. Ẹ mú táyà tó tọ́, ẹ gbé ṣáàfù síbi tó yẹ, ẹ sì fi bóòtì di gbogbo ibi tó máa ń mì. Ọmọlanke tí mo ń ṣàlàyé yìí fẹ̀ ní 45 cm, ó gùn ní 90 cm, ẹrù inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kílò 80 lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣeé tú, táyà rẹ̀ ṣeé yọ, kí ó lè wọ búùtù ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn kòròpé lọ́jọ́ tí ilé bá jìnnà.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Lọ́dọ̀ onípákó, ẹ ra igi 2×3 kan àti igi 2×2 méjì, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àfàrà ni kí ẹ bèèrè, ì báà jẹ́ ní Bódìjà n'Íbàdàn tàbí níbikíbi tó bá sún mọ́ yín. Ó fúyẹ́, ó sì máa ń di bóòtì mú. Ìrókò lágbára jù ú lọ, ikán kì í tètè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì wúwo, bẹ́ẹ̀ gbogbo kílò tí igi bá wọ̀n ni ẹ ó máa fà kí ẹ tó gbé ẹrù kankan lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àràbà lọ̀ yín nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ẹ fi èékánná tẹ ẹ́ wò. Á wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó ẹ̀.

Ẹ wo igi kọ̀ọ̀kan láti ẹnu rẹ̀ kan dé èkejì kí ẹ tó sanwó. Ẹ dì í mú sí ojú kan, kí ẹ pa ojú kejì dé. Èyí tó bá wọ́ tàbí tó lọ́ po, ẹ dá a padà. Kò sí bóòtì tó lè tọ́ ọ.

Àwọn yòókù nìyí:

- pílaiwúùdù ààbọ̀ ínṣì, 90 cm sí 45 cm (ẹ bèèrè fún èékù, ẹ má ra odidi)
- pákó 1×3 díẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́
- táyà báárò méjì
- ọ̀pá irin kan tí ara rẹ̀ ń dán, fún ṣáàfù, pẹ̀lú pínnì méjì tí kò ní jẹ́ kí táyà yọ
- irin pẹlẹbẹ méjì, 12 cm sí 5 cm, tó nípọn ní 4 mm
- bóòtì 10 mm mẹ́wàá tó gùn ní 12 cm, àti méjì tó gùn ní 18 cm
- nọ́ọ̀tì lásán mẹ́jọ, nọ́ọ̀tì elétí mẹ́rin (èyí tí a ń fi ọwọ́ dè láì lo sípánà), àti wáṣà ńlá bí 30
- sìkúrúù ínṣì 4 àti ínṣì 1½, pẹ̀lú irin onígun kékeré mẹ́jọ
- gúlúù igi, gírísì, ọ̀dà, pépà ìfági
- páìpù tàbí igi róbótó kan tó gùn ní 60 cm, fún ibi ìdìmú

Nínú irinṣẹ́, ayùn, téèpù, dìrílì pẹ̀lú bíìtì 10 mm, òòlù, sípánà méjì àti igun káfíńtà ti tó. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ ìjórin. Wẹ́dà àdúgbò ni yóò ṣe apá yẹn.

Ìpele 1: Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ẹ má tíì gé igi kankan. Ihò àárín táyà ló máa sọ bí ṣáàfù yóò ṣe tóbi tó, gíga táyà ló sì máa sọ ibi tí gbogbo nǹkan yòókù yóò wà. Táyà tí wọ́n kọ 4.00-8 sí lára ni mo fẹ́ràn jù. Tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ó máa ń ga tó nǹkan bí 40 cm. Táyà tó tóbi báyìí á gun kòtò kọjá níbi tí táyà kékeré yóò ti ki orí bọ inú rẹ̀.

Ẹ ra méjèèjì pa pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ sì gbé wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ọmọlanke yín á fì sí apá kan, á sì máa yà síbẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á.

Oníṣòwò á béèrè bóyá ẹ fẹ́ oníafẹ́fẹ́ tàbí èyí tó jẹ́ rọ́bà gbọingbọin. Oníafẹ́fẹ́ ni kí ẹ mú. Ó máa ń rọ ẹrù lọ́rùn lórí òkúta, bó bá sì jò, fọkanáísà kò jìnnà síbikíbi.

*Ìkìlọ̀.* Ẹ má lo táyà kẹ̀kẹ́ ológeere, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ti ń di ṣáàfù tínínrín inú rẹ̀ mú. Lára ọmọlanke yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni táyà ti máa rí ìdìmú, nítorí náà ṣáàfù kẹ̀kẹ́ á tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹrù bá wúwo.

*Ìkìlọ̀ kejì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.* Ọ̀pọ̀ ríìmù báárò jẹ́ abala méjì tí wọ́n fi bóòtì dè pọ̀. Ẹ má tú bóòtì wọ̀nyẹn láéláé nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà. Abala kan lè fò kọlu ojú èèyàn. Ẹ tú afẹ́fẹ́ náà dànù pátápátá kí sípánà tó kan ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń fẹ́ ẹ, ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára táyà, kí ẹ sọ ọ́ fún fọkanáísà kó tó tẹ ẹnu páìpù rẹ̀ bọ̀ ọ́.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ ti irin kan bọ àárín táyà, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí i. Ó yẹ kó yí fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró, kí etí rẹ̀ má sì máa jó sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bíi pé ẹnì kan ń lọ yanrìn lórí ọlọ, bíárìn inú rẹ̀ ti fọ́ tàbí ó ti gbẹ. Ẹ dá a padà níbẹ̀, kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìpele 2: Ṣáàfù, lọ́dọ̀ wẹ́dà

Ẹ gbé táyà kan lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra irin, ì báà jẹ́ Òwódé Onírin tàbí ọ̀dọ̀ alájẹkù irin àdúgbò yín. Ẹ ki irin náà bọ ihò táyà níbẹ̀. Bí ihò bá jẹ́ 16 mm, irin 16 mm ni. Bó bá jẹ́ 20 mm, 20 ni. Ó yẹ kó wọlé wẹ́rẹ́ láì fi òòlù lù ú, kí ó má sì máa mì nínú ihò.

*Ìkìlọ̀.* Irin tí wọ́n fi ń da kọ́ńkéré wà níbi gbogbo, ó sì pọ́ọ́kú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lò ó. Ara rẹ̀ rí págunpàgun. Kò ní jókòó dáadáa nínú táyà, á sì jẹ àárín rẹ̀. Irin tí ara rẹ̀ ń dán ni kí ẹ rà.

Bí ẹ ó ṣe mọ gígùn rẹ̀ nìyí. Ẹ wọn bí àárín táyà ṣe nípọn tó láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ká ní ó jẹ́ 9 cm. Férémù gba 45 cm. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 1.5 cm sílẹ̀ fún wáṣà kí táyà má bàa ha igi, ẹ fi 9 cm sílẹ̀ fún táyà, ẹ sì fi 3 cm sílẹ̀ fún pínnì. Ìyẹn jẹ́ 13.5 cm lọ́nà méjì, tí í ṣe 27. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ 45, ó di 72 cm. Bí àárín táyà tiyín kò bá jẹ́ 9, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nínú ìṣirò yìí.

Lọ́dọ̀ wẹ́dà, ẹ jẹ́ kó tẹ̀lé ètò yìí, torí pé tí wọ́n bá yí i padà ni nǹkan fi ń wọ́:

1. Kó kọ́kọ́ lu ihò 10 mm méjì sára irin pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, kí ihò méjèèjì jìnnà síra ní 8 cm. Bó bá jo irin pọ̀ tán kó tó lu ihò, ẹnu dìrílì kò ní rí ibi tó máa gbà.
2. Kó lu ihò 4 mm sí ẹnu ṣáàfù méjèèjì, 1.5 cm sí etí. Ibẹ̀ ni pínnì máa gbà kọjá, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣeé tẹ̀.
3. Kó tẹ́ irin pẹlẹbẹ méjèèjì sílẹ̀, kó gbé ṣáàfù dábùú àárín wọn, láàárín ihò méjèèjì. Láti etí òde irin kan dé etí òde èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 45 cm.
4. Kó kọ́kọ́ fi iná kan án díẹ̀díẹ̀ ní ojú méjì péré. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kó tó jó o tán, kó máa lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ooru má bàa fa irin wọ́.

Ẹ má wo iná wẹ́dà pẹ̀lú ojú lásán, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọmọdé má sì dúró síbẹ̀.

*Àyẹ̀wò.* Tí irin bá ti tutù, ẹ ki táyà méjèèjì bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tì í lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ó yẹ kó lọ tààrà fún mítà mélòó kan. Bó bá ń yà sí apá kan ṣáá, tí táyà méjèèjì sì dọ́gba, ṣáàfù ti wọ́, wẹ́dà sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ kí ẹ tó sanwó.

Ìpele 3: Férémù

Ẹ gé igi 2×3 sí méjì, 90 cm ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni igi ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé wọn ró lórí etí wọn tó tín-ín-rín, kí ibi tó fẹ̀ kọjú síta. Igi 2×2 ni ẹ ó gé sí mẹ́rin fún igi ìdábùú.

*Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí.* Igi tí wọ́n ń pè ní ínṣì 2 lọ́dọ̀ onípákó lè jẹ́ 5 cm, ó lè jẹ́ 4.5, ó sì lè má dọ́gba lára igi kan náà. Ẹ wọn nípọn igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 45 cm. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni gígùn igi ìdábùú. Bí igi yín bá jẹ́ 5 cm géérégé, 35 cm ni ẹ ó gé. Ẹ gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí gígùn kan náà: ẹ gé àkọ́kọ́, ẹ fi í ṣe ìwọ̀n fún gbogbo àwọn yòókù.

Ìdábùú kìíní kò gbọdọ̀ wà ní ẹnu iwájú pátápátá, níbi tí ọwọ́ máa wà. Ẹ sún un sẹ́yìn ní 5 cm, torí òpó, tí a máa ṣe ní Ìpele 4, yóò gba àyè igun iwájú méjèèjì. Ẹ fi ọ̀kan sí ìdí, kí ẹ pín méjì tó kù sáàárín, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan nínú wọn wà ní nǹkan bí 50 cm láti iwájú, níbi tí ṣáàfù máa wà. Ẹ fi gúlúù sí ẹnu igi, ẹ kọ́kọ́ lu ihò kékeré kí igi má bàa là, ẹ wá fi sìkúrúù ínṣì 4 méjì méjì dè é láti ìta. Àwọn káfíńtà tó mọṣẹ́ máa ń fi ọṣẹ gbígbẹ pa ẹnu sìkúrúù kí ó lè wọlé láì dá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Irin onígun ni ẹ ó fi di igun inú, méjì sí ìdábùú kọ̀ọ̀kan.

*Àyẹ̀wò.* Kí gúlúù tó gbẹ, ẹ na téèpù láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, ẹ tún na án sí igun méjì yòókù. Ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Fún férémù 90 sí 45, nǹkan bí 100.6 cm ni. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ ti igun méjì tó gùn náà síra wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ẹ gbé férémù sórí ilẹ̀ oníTáìlì, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń mì, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e títí gúlúù yóò fi gbẹ, ó kéré tán di ọjọ́ kejì.

Ìpele 4: Òpó iwájú àti ilẹ̀ ọmọlanke

Òpó méjì yìí ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀, òun náà ló sì ń di ọwọ́ mú. Ẹ gé igi 2×2 sí 42 cm, méjì. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun iwájú, nínú férémù, kí 14 cm wà nísàlẹ̀ igi ẹ̀gbẹ́, kí nǹkan bí 20 cm sì yọ sókè. Ẹ fi bóòtì 12 cm méjì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ igi ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí wọ́n má wà lórí ìlà kan náà kí igi má bàa là. Wáṣà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ orí bóòtì àti lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Láìsí wáṣà, irin á rì sínú igi, ìdè á sì tú fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe ẹsẹ̀ náà gùn kó kan ilẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ọmọlanke bá tẹ́jú. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, á máa wọ́ ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fà á. Pẹ̀lú 14 cm, ó máa ga kúrò nílẹ̀ tó nǹkan bí 7 cm lójú ọ̀nà, tí ẹ bá sì sọ ọwọ́ kalẹ̀ láti ná ọjà, iwájú á rọra tẹ̀ díẹ̀, á sì dúró.

Ẹ gé igun iwájú pílaiwúùdù kúrò fún òpó, ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ fi sìkúrúù ínṣì 1½ dè é mọ́ gbogbo igi tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìpele 5: Ibi tí ṣáàfù máa wà

Bí ẹ bá fẹ́ fara balẹ̀ sí ibì kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yìí, ibí ni kó jẹ́.

Àárín ilẹ̀ ọmọlanke jẹ́ 45 cm láti iwájú. Ẹ ó gbé ṣáàfù sí 50 cm, ìyẹn ni pé ẹ ó fi 5 cm péré sún un sẹ́yìn. Ẹ wo ohun tí 5 cm yìí ń ṣe. Ká ní ẹrù kílò 60 tẹ́ káàkiri inú rẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Ibi tí ọwọ́ yín máa wà jìnnà sí ṣáàfù ní nǹkan bí 150 cm. Ìsúnsẹ́yìn 5 cm lọ́nà 60 jẹ́ 300. Ẹ fi 150 pín in, ó jẹ́ 2. Kílò 2 péré nínú ẹrù náà ni ọwọ́ yín máa gbé, táyà á ru gbogbo ìyókù. Ká wá sọ pé ẹ gbé ṣáàfù sí 70 cm nítorí pé ẹ rò pé ìdí ló yẹ kí táyà wà. Ìsúnsẹ́yìn náà di 25 cm, ọwọ́ yín á sì máa gbé ohun tó sún mọ́ kílò 9 láti ọjà dé ilé. Bẹ́ẹ̀ ẹrù kan náà ni o.

Ẹnì kan lè wá sọ pé kí ó kúkú wà ní àárín gan-an, kí ọwọ́ má gbé nǹkan kan. Kò dára bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá fi díẹ̀ sún sẹ́yìn, ọwọ́ á fò sókè, á gbá yín ní àgbọ̀n. Kílò 2 yẹn ló ń mú kí ọmọlanke jókòó jẹ́ẹ́ sí yín lọ́wọ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é:

1. Ẹ dojú férémù bolẹ̀. Ẹ fa ìlà sára igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní 50 cm láti iwájú. Láti iwájú ni kí ẹ ti wọn méjèèjì, ẹ má wọn ọ̀kan láti iwájú kí ẹ wọn èkejì láti ẹ̀yìn.
2. Ẹ gbé ṣáàfù lé e, kí ó wà lórí ìlà náà gẹ́lẹ́. Ẹ wọ̀n láti ẹnu ṣáàfù ọ̀tún dé igun iwájú ọ̀tún, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní òsì. Kí méjèèjì dọ́gba.
3. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí àárín ihò irin pẹlẹbẹ, ẹ lu ihò 10 mm kọjá igi ẹ̀gbẹ́ àti pílaiwúùdù. Ẹ mú dìrílì dúró ṣánṣán. Kí ẹnì kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa wò ó bóyá ó ń fì.
4. Ẹ ti bóòtì 12 cm wọlé láti òkè, kí orí rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ọmọlanke, kí nọ́ọ̀tì wà lábẹ́ irin. Ẹ dè é pinpin.

Ẹ fi gírísì pa ṣáàfù, ẹ ki wáṣà, táyà, wáṣà, kí ẹ wá fi pínnì sí i, kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ síta. Bí táyà bá ń rìn síwá sẹ́yìn lórí ṣáàfù, ẹ fi wáṣà kún un. Mílímítà 2 sí 3 ni àyè tó yẹ kó ṣẹ́kù.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tó kún fún omi sí àárín ilẹ̀ ọmọlanke, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyẹn tó kílò 50. Ẹ fi ìka méjì gbé etí iwájú. Ó yẹ kó gbé láì ṣe wàhálà, tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀, kó padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ṣubú sẹ́yìn, ẹ kò wọ̀n ọ́n dáadáa.

Ìpele 6: Ọwọ́

Ẹ gé igi 2×2 sí 130 cm, méjì. Ẹ fi pépà fá a dáadáa, pàápàá níbi tí ọwọ́ máa ń kàn. Ẹ̀gún igi àfàrà máa ń wọ ara.

Ìta igi ẹ̀gbẹ́ ni ọwọ́ máa wà. Bóòtì àkọ́kọ́, èyí tó gùn ní 12 cm, gba ìdí ọwọ́ kọjá sínú igi ẹ̀gbẹ́ ní 20 cm láti iwájú. Bóòtì kejì, tó gùn ní 18 cm, gba ọwọ́ kọjá sínú òpó. Àyè kan wà láàárín ọwọ́ àti òpó, torí pé inú férémù ni òpó wà. Ẹ fi èékù igi 2×3 dí i, kí ó jókòó lórí igi ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, tí ẹ bá ń dè é nọ́ọ̀tì á kàn máa fa igi tẹ̀ ni.

Kí ẹ tó lu ihò kejì, ẹ wọ bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sọ́jà. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Kí ẹnì kan gbé ilẹ̀ ọmọlanke títí yóò fi tẹ́jú, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè dé ibi ẹ̀ṣẹ́ yín, kí ẹ sàmì síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbà, 75 cm láti ilẹ̀ ló máa ń jẹ́, ihò kejì á sì wà ní nǹkan bí 8 cm sókè sí ihò kìíní. Ẹni tó ga máa ń nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó máa fà á ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ẹni tó kàn án.

Ẹ lu ihò sí ẹnu ọwọ́ méjèèjì, ẹ ti páìpù ìdìmú kọjá, ẹ fi sìkúrúù há a. Bóòtì mẹ́rin ti ọwọ́ ni ẹ ó lo nọ́ọ̀tì elétí fún, kí ẹ lè tú wọn láì wá sípánà.

*Àyẹ̀wò.* Ẹ fà á rìn kíákíá. Gìgísẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kan iwájú rẹ̀. Ẹ yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì, ẹ lè fi igi kan dábùú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ní 30 cm láti òpó.

Ìpele 7: Ẹ̀gbẹ́ àti ọ̀dà

Pákó 1×3 méjì méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó, ó máa ga ní nǹkan bí 17 cm. Ẹ fi ìdí sílẹ̀ láìdí kí àga àti nǹkan gígùn lè yọ síta.

Ẹ kun ún lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹnu igi tí ẹ gé mu ọ̀dà jù, ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú pa igi nítorí ikán. Ẹ má fi kan ibi tí ẹrù máa wà láéláé. Aṣọ òkìríkà kan tí ọ́ìlì bá ti kàn, owó yín ti lọ.

Ìpele 8: Ìdánwò kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà

Ẹ da kẹ́ẹ̀gì omi méjì yẹn padà sínú rẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà túùbù ọ̀kadà dè wọ́n. Rọ́bà yìí sàn ju okùn lọ, torí pé tí ẹrù bá mì tó rẹlẹ̀, ó máa ń fà padà, okùn á sì dẹ̀. Ẹ fà á yípo àdúgbò, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbà á kọjá níbi tí ọ̀nà kò dára: orí gọ́tà, inú yanrìn, ibi òkúta. Ẹ gbé e gun etí títì pẹ̀lú táyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ yí padà kí ọmọlanke wà níwájú yín nísàlẹ̀, kí ẹ sì máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn yín, ẹrù ló máa ti yín.

Tí ẹ bá padà dé, ẹ fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì. Díẹ̀ nínú wọn á ti dẹ̀, igi tuntun máa ń fún pọ̀ lábẹ́ irin. Ẹ tún wọn dè. Ẹ fọwọ́ kan àárín táyà méjèèjì: bí ọ̀kan bá gbóná, wáṣà rẹ̀ há jù tàbí kò sí gírísì níbẹ̀. Ẹ wo pínnì bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ̀.

Nínú ọjà, ohun tó wúwo jù, bíi ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́ sórí ṣáàfù, kí ó kàn sún síwájú díẹ̀. Aṣọ àti nǹkan fífúyẹ́ wà lókè. Bí ẹ bá ra nǹkan wúwo kan sí i lẹ́yìn tí ẹ ti di ẹrù tán, ẹ tú u kí ẹ tún un tò. Fíríìjì kò sí nínú ohun tí ọmọlanke yìí lè gbé, torí ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, kòtò kan ṣoṣo á dojú rẹ̀ dé. Ẹ pe alágbàárù fún ìyẹn.

Lẹ́yìn ìrìn bíi mélòó kan, nọ́ọ̀tì ṣáàfù kò yẹ kó máa dẹ̀ mọ́. Bí ọ̀kan bá ṣì ń tú, ẹ fi nọ́ọ̀tì kejì dè é lẹ́yìn àkọ́kọ́, kí ẹ di méjèèjì mọ́ra pẹ̀lú sípánà méjì.